Èènì Tó Gba Ẹsẹ̀ Ayọ́rìn

Nígbà láéláé, nígbà tí odò ṣì ń bi òkúta ní ọ̀nà tí òkúta sì ń dá a lóhùn, àwọn ekòló nìkan ló ń gbé inú ilẹ̀. Gbogbo ẹ̀dá yòókù wà lókè, níbi tí ojú ti ń rí ojú.

Láyé ìgbà yẹn, Ayọ́rìn, ẹ̀dá tó ń gbé abẹ́ ilẹ̀ lónìí, ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n kúrú, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n. Ó ní ojú méjì tó mọ́ roro. Ara rẹ̀ gùn, ó ń dán, ó sì máa ń tutù nígbà gbogbo bí òkúta ìsàlẹ̀ odò.

Ọmọ ilé Ọ̀pọ̀lọ́ ni. Bàbá kan náà ló bí òun àti Ọ̀pọ̀lọ́, Ọ̀pọ̀lọ́ sì ni ẹ̀gbọ́n. Àgbà obìnrin ilé wọn ni Ìyá Kọ̀nkọ̀, àbúrò bàbá wọn, tí ohùn rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ìkòkò.

Ohun tí gbogbo igbó mọ Ayọ́rìn mọ́ ni pé ó mọ ọjà ná. Kò sí iye tí wọ́n máa dá lé e tí kò ní já a wálẹ̀. Bí Ìgbín bá ní kó mú ewé mẹ́ta wá kó tó sùn síbi tútù òun, ewé kan ló máa san, á tún gba èènì lé e.

Ẹ sáà mọ èènì. Ohun kékeré tí ẹni tó rajà máa ń gbà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fẹnu kò: ata méjì sí i, ẹ̀wà ẹ̀kúnwọ́ kan, ohun tí ò tó nǹkan. Ayọ́rìn ò kúrò nídìí ọjà rí láìgba èènì. Ó máa ń sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹni tó bá san iye tó kúrò níbẹ̀, ó rajà ni. Ẹni tó bá gba èènì, òun ló jèrè."

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn, tó ń dùn mọ́ ọn, kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé.

Òjò kọ̀, kò rọ̀. Ewé rọ, ó ká, ó já bọ́. Ẹrẹ̀ sán bí igbá tó ti gbó. Odò ńlá tí àwọn ẹranko ń mu fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ẹja fi ń fi ìrù na iyanrìn.

Lákòókò yìí gan-an ni Ayọ́rìn yé ẹyin. Ó yé wọn sínú kòtò kékeré kan lábẹ́ gbòǹgbò ọ̀pẹ. Tọ̀sán tòru ló ń ká ara rẹ̀ yí wọn ká, kí ọ̀rinrin ara rẹ̀ má jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Àmọ́ kòtò náà ń gbẹ. Ó fi ìka tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ náà ṣì rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́, ó ti ń le. Ó mọ̀ pé bí ibẹ̀ bá gbẹ tán káwọn ọmọ òun tó jáde, wọn ò ní jáde mọ́.

Erinmi, tó jẹ́ olórí odò, wá pe gbogbo ẹranko jọ sórí iyanrìn. Ó ní tí kálukú bá ń jà du omi tó kù, ẹjẹ̀ ló máa pọ̀ ju omi lọ. Ó ní kí kálukú lọ dúró ti ilé bàbá rẹ̀. Ilé-ilé lòun máa fi pín ibi tútù tó ṣẹ́ kù.

Àwọn oníyẹ̀ẹ́ kó ara wọn jọ. Àwọn onírun kó ara wọn jọ. Àwọn ejò àti alángbá, tí awọ wọn gbẹ, tó sì ní ìpẹ́, dúró ti Ere, òjòlá ńlá tó jẹ́ olórí wọn. Erinmi fún wọn ní bèbè odò. Ó fún ilé Ekòló ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí ọ̀rinrin kì í tán. Nígbà tó kan ilé Ọ̀pọ̀lọ́, àwọn abara-tútù, àbàtà kékeré kan ló kù, òun náà ti ń sán létí.

Ọ̀pọ̀lọ́ dúpẹ́. Ó ní àṣà bàbá àwọn làwọn máa fi pín in. Ní ọjọ́ kejì tí oṣù tuntun bá lé, ìyá kọ̀ọ̀kan á wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ẹrẹ̀ àbàtà. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tẹ̀ dé kí oòrùn tó wọ̀, ibẹ̀ ni ìpín òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ máa dé.

Ayọ́rìn wo itan Àkèré, tó jẹ́ pé tó bá fò lẹ́ẹ̀kan, ó kọjá igi ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ tiẹ̀. Bó bá rìn láti àárọ̀ dalẹ́, kí ló fẹ́ rí? Ibi tí ò ní gba ẹyin rẹ̀ tán.

Ìyá Kọ̀nkọ̀ rí ojú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn.

"Ọmọ mi, má jìnnà sílé," ló wí. "Kékeré la máa pín. Àmọ́ a máa pín in."

Ayọ́rìn ní òun gbọ́, Ìyá. Ó gbọ́ lóòótọ́. Àmọ́ inú rẹ̀ ti ń ná ọjà mìíràn. Ó ń wo bèbè odò níbi tí ejò ń gbà lọ, ibi gbooro, ibi dúdú, ibi tó ṣì tutù. Ó ń wo ara rẹ̀, bó ṣe gùn. Ó ní ta ló sọ pé ilé kan ṣoṣo ni ẹ̀dá lè bá tan?

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ọ̀dọ̀ Ere lọ.

Ere wà lórí òkúta gbígbóná, ó ká bí òṣùká. Ayọ́rìn kí i pé ẹ kú ìjókòó o, Bàbá.

Ere la ojú kan. "Àbí ojú ń tàn mí ni? Kí lọmọ ilé Ọ̀pọ̀lọ́ ń wá níbí?"

"Ẹ wò mí dáadáa, Bàbá. Ṣé báyìí ni Ọ̀pọ̀lọ́ ṣe gùn?"

Ere wò ó láti orí dé ìrù. Ó gbà pé ó gùn. Ó ní gígùn yẹn, gígùn ilé àwọn ni. Ó wá fi ìrù tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Àmọ́ ìwọ̀nyí ń kọ́? Àyà la fi ń rìn nílé tiwa."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò kà wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹsẹ̀ náà. Ayọ́rìn mọ ojú yẹn. Ojú ẹni tó fẹ́ nǹkan tó ń ṣe bíi pé òun ò fẹ́ ẹ ni. Ó pẹ́ tí Ere ti ń wo Alángbá tó ń sáré gun igi, tí inú rẹ̀ sì ń bà jẹ́.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ere ní kó kó ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kó gba àyè ní bèbè odò. Ayọ́rìn rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé Bàbá fẹ́ kóun wọ́ wálé ni. Ó ní ìka ẹsẹ̀ kan lòun máa san. Ere ní kó máa lọ. Ó ń lọ. Ere pè é padà. Wọ́n ná an títí òjìji òkúta fi yí, wọ́n sì fẹnu kò síbi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì, kí Ayọ́rìn àtàwọn ẹyin rẹ̀ gba àyè lábẹ́ bèbè títí òjò á fi rọ̀.

Inú Ayọ́rìn dùn. Ẹsẹ̀ méjì ṣì kù sí i lọ́wọ́, àyè sì ti wà. Bó ṣe ń ronú bó ṣe máa kó ẹyin rẹ̀ wá ni Ere na ọrùn.

"Ó dáa. Èènì mi dà?"

Ayọ́rìn fa ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

"Àbí èmi kọ́ ni mo rajà?" Ere béèrè. "Méjì tó wà níwájú yẹn kéré sí ti ẹ̀yìn. Ṣé kì í ṣe nǹkan kékeré ni wọ́n fi ń ṣe èènì?"

Kí ló fẹ́ sọ? Ẹnu tó ti ń gba èènì látìgbà tó ti dáyé, báwo ló ṣe máa ní èènì ò sí? Gbogbo igbó ló mọ̀ ọ́n. Ó wo bèbè odò. Ó rántí kòtò abẹ́ ọ̀pẹ, bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe le lábẹ́ ìka rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kó wọn sílẹ̀.

Ere gbé èènì mì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí bí ilé wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó mú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìdí ara rẹ̀. Wọn ò bá a mu. Nígbà tó yá, wọ́n rún kúrò lára rẹ̀, èékánná wọn nìkan ló kù síbẹ̀. Ẹni tó bá wo ìdí òjòlá dáadáa títí dòní máa rí èékánná kékeré méjì tí kò wúlò fún nǹkan kan.

Àmọ́ ohun kan ṣì wà tí Ere ò tíì sọ. Ẹni tó bá wọ ilé ejò ní láti kọ́kọ́ sùn sórí òkúta lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo ilé rí i pé oòrùn gbà á.

Ayọ́rìn wọ́ gun òkúta. Kò pẹ́ rárá. Awọ rẹ̀ tó ń dán di funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Àyà rẹ̀ há. Awọ yẹn ló fi ń mí, awọ yẹn ló fi ń mu omi, kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Ó yí gbirigbiri, ó bọ́ sínú òjìji, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Àwọn ejò ò rẹ́rìn-ín. Ere náà ò bínú. Ó kàn ní, "Ara rẹ tutù. Ibí kọ́ ni ilé rẹ."

Ayọ́rìn ní kó dá ẹsẹ̀ òun padà.

"Ọjà tí wọ́n ti fi èènì lé," Ere dá a lóhùn, "kì í padà sínú igbá."

Ayọ́rìn fi àyà wọ́ padà sábẹ́ ọ̀pẹ. Ọ̀nà tó fi ẹsẹ̀ rìn láìmọ̀ pé ó rìn, ó mọ̀ ọ́n lára báyìí. Nígbà tó dé, etí kòtò ti sán. Ó ká ara rẹ̀ mọ́ àwọn ẹyin. Ó ronú kan Ìyá Kọ̀nkọ̀. Àmọ́ ojú tì í. Ẹni tí wọ́n mọ̀ pé kì í pàdánù lọ́jà, ṣé òun ló fẹ́ fi ikùn wọ́ wọ ilé, kí àwọn ọmọ Àkèré máa wò ó?

Ó kẹ́nu bọlẹ̀, ó pe Ìyá Ekòló.

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó jìnnà. Ó ní ta ni.

Ayọ́rìn ní òun ń wá àyè. Ó ní òun ò lẹ́sẹ̀, bí àwọn náà ò ṣe lẹ́sẹ̀. Ó ní kí wọ́n dákun, kí wọ́n sọ gbogbo iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti èènì rẹ̀, kí òun gbọ́ ọ kóun tó dá wọn lóhùn. Ó ti kọ́gbọ́n.

Ìyá Ekòló ní ilà ilé àwọn ló máa kọ. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti kọ ilà ilé kan, ẹnikẹ́ni ò lè lé e jáde níbẹ̀ mọ́. Ilà ilé Ekòló sì rèé: òrùka lára, láti ọrùn títí dé ìrù.

"Èènì ń kọ́?"

"Ojú rẹ," Ìyá Ekòló ní. "Ẹnikẹ́ni kì í wo ẹnikẹ́ni nílé wa."

Ayọ́rìn bẹ̀ ẹ́. Kò ná an mọ́, ó bẹ̀ ẹ́ ni. Ó ní òun ò tíì rí ojú àwọn ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìyá Ekòló lára, nítorí abiyamọ lòun náà. Ó ní kó má yọ ojú méjèèjì nígbà náà. Kó fa awọ bò wọ́n. Kó máa mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tó ṣú, kó má rí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọ́n kọ ilà fún un, òrùka lórí òrùka. Ó fa awọ bo ojú rẹ̀. Ohun tó rí kẹ́yìn ni àwọn ẹyin rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá lára wọn, tí nǹkan kékeré sì ń mi nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó wá fi orí gbẹ́lẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ, ó gbẹ́ ẹ, títí orí rẹ̀ fi le, ó sì yí àwọn ẹyin rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé ibi tí ilẹ̀ ti tutù. Ó rí ibi tútù. Ohun tó ń wá nìyẹn, ó sì rí i.

Àmọ́ iyẹ̀pẹ̀ ni wọ́n ń jẹ nílé Ekòló. Ayọ́rìn bu iyẹ̀pẹ̀ sẹ́nu, ó kọ́ ọ lọ́fun. Ó tún bù ú. Ó tún kọ́ ọ. Ọjọ́ ń lọ, ebi ń wọ inú egungun rẹ̀. Ó ní láti wà láàyè kí àwọn ẹyin má bàa ṣòfò. Nígbà tó di ọjọ́ kan, nínú òkùnkùn yẹn, nǹkan rírọ̀ kan fara kan ẹnu rẹ̀. Kò ronú. Eyín rẹ̀ ti pàdé kó tó mọ ohun tó ń ṣe.

Àbígbẹ̀yìn Ìyá Ekòló ni.

Ìyá Ekòló ò sunkún. Kò pariwo.

"A ti kọlà fún ọ," ló wí. "A ò lè lé ọ. Àmọ́ kò sí eyín nílé wa, Ayọ́rìn. Àwa la máa kúrò."

Wọ́n sì kúrò. Ayọ́rìn ń gbọ́ ìrìn wọn nínú ilẹ̀, tó ń jìnnà, tó ń jìnnà, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni àwọn ẹyin là sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, wọ́n rọ̀, wọ́n kéré, ẹnu wọn sì ti la. Eyín wẹ́wẹ́ wà lẹ́nu wọn. Wọ́n ń wá oúnjẹ lára rẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì. Kò rí wọn. Ó kàn ń mọ̀ wọ́n lára ni. Kò ní nǹkan kan tó máa fún wọn, kò sì mọ ibi tó máa gbà lọ wá a, nítorí kò rí iwájú, kò rí ẹ̀yìn.

Ni ojú títì bá tán nínú rẹ̀. Ó gbẹ́lẹ̀ lọ sókè, ó ń tẹ̀ lé ohùn àwọn ará ilé rẹ̀. Ó ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń tẹ ẹrẹ̀ ní àbàtà.

Bó ṣe yọ orí ni àwọn ọmọ Àkèré fò sẹ́yìn, wọ́n ní ejò ti dé. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ejò, wọ́n ní ẹ ò rí ilà ara rẹ̀, ekòló ni, ekòló tó sanra. Ọ̀pọ̀lọ́ bọ́ síwájú, ó ní ta nìyẹn.

"Èmi Ayọ́rìn ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ayọ́rìn tí mo mọ̀ ní ẹsẹ̀," Ọ̀pọ̀lọ́ ní. "Ó ní ojú. Ẹnikẹ́ni nílé bàbá mi ò kọ irú ilà yẹn."

Wọ́n ti ń mú igi tí wọ́n máa fi lé e nígbà tí Ìyá Kọ̀nkọ̀ ní kí wọ́n dúró. Ó rọra fò wá, nítorí egungun rẹ̀ ti gbó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bu omi àbàtà, omi tí kò tó pín, ó dà á sí ẹ̀yìn àlejò náà.

Tó bá jẹ́ ejò ni, omi náà ì bá yí bọ́ sílẹ̀. Kò yí bọ́. Awọ náà mu ún. Ó mu ún tán, ó ń dán.

"Ẹ wò ó," Ìyá Kọ̀nkọ̀ ní. "Ẹsẹ̀ kọ́ la fi ń dá ọmọ wa mọ̀. Ìwọ náà, Ọ̀pọ̀lọ́, nígbà tó o wà lọ́mọdé inú omi, ìrù lo ní, o ò lẹ́sẹ̀ kankan, a ò sì lé ọ. Awọ ni ilé wa. Awọ tó ń mu omi. Ọmọ wa ni."

Ọ̀fun Ọ̀pọ̀lọ́ wú, ó sì rọ̀. Ó ní ọmọ bàbá òun ni, òun ò jiyàn mọ́. "Àmọ́ àbúrò mi, kí lo máa fi tẹ ẹrẹ̀?"

Gbogbo wọn mọ̀ pé kò ní. Àṣà bàbá wọn ni, bí wọ́n bá sì yí i fún ẹnì kan, ìjà máa bẹ́, àbàtà kékeré náà á tú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ayọ́rìn náà mọ̀ ọ́n. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ò wá gba ìpín. Ó ní àwọn ọmọ òun ti jáde, ebi ń pa wọ́n, òun ò sì rí ọ̀nà.

Ìyá Kọ̀nkọ̀ wo ìpín tiẹ̀. Kò ju ibi tó jókòó sí lọ. Kò lè pín in. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tó ní ìka márùn-ún márùn-ún. Ó ká ọ̀kan kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ká ọ̀kan kúrò lọ́wọ́ òsì. Kò ké. Ó fi wọ́n sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ayọ́rìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, láàárín ojú tó fara sin àti imú.

"Máa fi ìyẹn tọ́ ọ̀nà wò. Á máa gbóòórùn fún ọ, á máa fọwọ́ kan nǹkan fún ọ."

Ohun tó ti mọ́ Ayọ́rìn lára ló jáde lẹ́nu rẹ̀. "Èló ni, Ìyá?"

"Kò ní iye."

"Ẹ jẹ́ kí n—"

"Èènì ni," Ìyá Kọ̀nkọ̀ ní. "O ti ń san án káàkiri ayé. Gba tìẹ."

Ọ̀pọ̀lọ́ wo ọwọ́ àgbà náà. Ó ní ohun tí àgbà ilé bá san, gbogbo ilé ló san ín. Ó ká ìka tiẹ̀ náà sílẹ̀, gbogbo ilé sì ṣe bẹ́ẹ̀, títí dórí àwọn ọmọ Àkèré tó pè é ní ekòló. Wọ́n wá sọ fún Ayọ́rìn pé bí òjò bá rọ̀, àwọn á máa pè é. Wọ́n ní ohùn ò nílò ojú.

Ayọ́rìn padà wọlẹ̀. Ìka méjì náà ń fọwọ́ kan ilẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì ṣìnà. Ó bá àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ti rẹ̀ wọ́n. Wọn ò wá oúnjẹ mọ́, wọ́n kàn sùn síbẹ̀ ni.

Ó mọ̀ pé nísinsìnyí, òun lè wá ekòló lọ. Àmọ́ kí òun tó dé, wọ́n á ti kú. Ó wá ronú sí ohun tó kù sí i lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ti lọ. Ojú ti lọ. Ohun kan ṣoṣo ló kù, èyí tí Ere wò tó ní kò bá ilé òun mu, èyí tí ilé Ekòló kọlà sí tí kò sì yí padà. Awọ rẹ̀.

Kò ná an. Kò dá iye lé e. Ó na ara rẹ̀ tọ́ọ́rọ́ láàárín wọn, ó ní, "Ẹ jẹ ẹ́."

Wọ́n fi eyín wẹ́wẹ́ wọn ha á, láti ọrùn títí dé ìrù. Ó dùn ún. Kò mira. Nígbà tí wọ́n yó, wọ́n sùn lé e lórí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ mélòó kan, awọ mìíràn ti yọ lábẹ́ èyí tí wọ́n jẹ, ó tutù, ó ń dán. Ó tún na ara rẹ̀ fún wọn.

Láti ọjọ́ náà ni Ayọ́rìn àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ti ń gbé abẹ́ ilẹ̀ láìlẹ́sẹ̀, tí òrùka wà lára wọn, tí awọ sì bo ojú wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń jẹ ekòló, tí ekòló sì ń sá fún wọn. Láti ọjọ́ náà ni ìyá wọn ti ń fi awọ ara rẹ̀ bọ́ ọmọ. Àgbẹ̀ tó bá fi ọkọ́ hú wọn máa ní ejò ni. Ẹlòmíràn á ní ekòló ni. Àmọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń to ẹranko nílé-nílé wò wọ́n títí kan egungun, wọn ò sì kà wọ́n mọ́ ejò, wọn ò kà wọ́n mọ́ ekòló. Ilé Ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n kà wọ́n mọ́.

Láti ọjọ́ náà pẹ̀lú ni ìka ọwọ́ ọ̀pọ̀lọ́ ti di mẹ́rin, tí ti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ márùn-ún. Bí òjò bá sì rọ̀ tó dá, tí ilẹ̀ mu yó, ẹ máa gbọ́ ohùn Kọ̀nkọ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ láti àbàtà, wọ́n á ké, wọ́n á tún ké. Àwọn èèyàn ń sọ pé wọ́n ń pariwo. Wọ́n ń pe ẹnì kan ni. Lábẹ́ ilẹ̀, ẹni tí kò lójú tí kò lẹ́sẹ̀ á gbé orí, á sì máa bọ̀ wálé.